Míńtì Inú Agolo

Ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́rin ti fọn fèrè ní èbúté Grand-Bourg.
Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń ta mí lọ́wọ́.
Fulbert ń bọ̀.
Ọdún mẹ́fà rèé tí a ò ti fojú kan ara wa,
ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti jókòó sáàárín wa bí àpáta.

Kí ni ẹ̀gbọ́n fi ń pàdé àbúrò tí ó bínú kúrò nílé?
Mi ò se oúnjẹ. Oúnjẹ a máa jọ ẹ̀bẹ̀,
mi ò sì tí ì ṣe tán láti bẹ̀ ẹ́.
Ife méjì ni mo gbé jáde, mo nù wọ́n,
mo fa ìgò rọ́ọ̀mù funfun yọ lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun.

Míńtì wà lẹ́yìnkùlé, nínú agolo bọ́tà tí ó ti dípẹtà,
níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń kán tó, tó, tó.
Bàbá wa ló gbìn ín,
Sosthène tí ó fi ogójì ọdún gé ìrèké fún ẹlòmíràn,
tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì ṣẹ́kù sí oko,
síbẹ̀ tí kì í fi ọwọ́ líle kan ewé.
"Má gún un," ni ó máa ń wí. "Ṣé iṣu ni?
Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó mí kanlẹ̀, kí o fi í sílẹ̀.
Ewé tí a bá gún pa, ìkorò ni yóò fi gbẹ̀san."

Mo já ewé mẹ́jọ. Òórùn wọn ṣáájú mi wọlé.
Ṣúgà pupa, ṣíbí méjì. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan àbọ̀.
Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí igi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
ṣùgbọ́n mo rántí lẹ́tà agbẹjọ́rò Fulbert,
ọwọ́ mi bá le.
Mo tọ́ ọ wò: ó korò bí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà.
Mo dà á nù. Mo padà sí ìdí agolo,
mo bẹ míńtì fún ewé mẹ́jọ mìíràn.

Lọ́tẹ̀ yìí, èso ni mo kọ́kọ́ kọjú sí.
Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí Man Nestorine fi ránṣẹ́,
tí ojú rẹ̀ pọ̀ ju ojú àwọn aládùúgbò wa lọ:
mo bó o, mo gé e wẹ́wẹ́, oje rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi.
Máńgòrò kan tí ó ti pọ́n jù,
tí ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.
Mo fún un, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ,
àwọ̀ rẹ̀ dà bí oòrùn tí ó fẹ́ wọ̀.
Ẹ̀yìn náà ni ewé. Tẹ̀ ẹ́, kí ó mí, fi í sílẹ̀.
Ẹ̀yìn náà ni rọ́ọ̀mù, ọmọ ìrèké tí ó la iná kọjá:
ìwọ̀n ìka mẹ́ta,
iye èyí tí ó kù lọ́wọ́ òsì Bàbá.
Yìnyín ló kẹ́yìn, ó ń dún ṣaworoṣaworo nínú ife.

Ilẹ̀kùn dún. Kò kàn án; ó tì í bí onílé.
Ó ti hu ewú. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kékeré kan,
ó fa afẹ́fẹ́ símú bí ọmọdé,
ó ní, "Agolo yẹn ṣì wà?"

Mo ní, "Ó wà."
Mo gbé ife fún un.
Ó mu ún. Ó dákẹ́. Ó tún mu ún.
"O ò gún un," ni ó wí.
Mi ò sọ ti àkọ́kọ́ tí mo dà nù fún un.

A jókòó lórí àtẹ̀gùn títí atẹ́gùn òkun fi tutù.
A ò dárúkọ ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ṣì wà lọ́la,
ìwé ṣì wà nínú àpótí.
Nígbà tí ó fẹ́ da ìsàlẹ̀ ife sílẹ̀ fún Bàbá,
mo dì í lọ́wọ́ mú: Bàbá kórìíra ìfiṣòfò.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mu tán,
ó dìde, ó ṣan ife náà lábẹ́ ẹ̀rọ,
ó sì da omi rẹ̀ sí ìdí míńtì,
tòun ti yìnyín tí kò tí ì yọ́ tán.